Jíìpù Méjì, Àpò Kan

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíràn lè sọ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé Ọlọ́run, nítorí pé ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá lè mú kí ọkọ àti aya máa rán ọmọ síra wọn nínú ilé kan náà, ọ̀rọ̀ ìdílé ni, àyè rẹ̀ sì wà níhìn-ín.

Tọkọtaya kan nínú ìjọ wa ní Abẹ́òkúta ni wọ́n wá bá wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ti fún wa láyè láti sọ ọ̀rọ̀ náà, bí a kò bá ti dárúkọ wọn. Iṣẹ́ ìjọba ni ọkọ ń ṣe ní Òkè-Mósàn; aṣọ àdìrẹ ni ìyàwó ń tà ní Ìtokú. Ọmọ mẹ́ta ni Olúwa fi ta wọ́n lọ́rẹ, ìyá ọkọ sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí orúnkún ti ń yọ màmá lẹ́nu. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń lò ti darúgbó. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Kútò, pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú aṣọ ilé ìwé, kò sì jí mọ́. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ti fi ń tọ́jú owó. Wọ́n fẹ́ ra jíìpù.

Jíìpù wo? Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ ní Lexus GX 460 ni òun fẹ́. Ìyàwó ní Lexus RX 350 ni. Tòkunbọ̀ ni méjèèjì, iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n owó wọn kò dọ́gba. Bí wọ́n bá máa ra GX, gbogbo ohun tí wọ́n kó jọ kò tó, àfi kí ìyàwó fi owó ọjà àdìrẹ kún un.

Ọkọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà oko wa lápá Ìmàlà. Ọkọ̀ tó wálẹ̀ kò lè gbà á lásìkò òjò. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni mẹ́fà ni wá. RX kò gbà ju márùn-ún lọ."

Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ bá mi bi bàbá àwọn ọmọ, sà, ìgbà mélòó ni wọ́n dé Ìmàlà lọ́dún tó kọjá? Owó ọjà yẹn ni mo fi ń san owó ilé ìwé. Bí a bá kó o lé mọ́tò, ilé ìwé wo ni mọ́tò náà yóò wá máa gbé àwọn ọmọ lọ?"

A kò dájọ́ lọ́jọ́ náà. Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ni a lọ, wọn kò kọ́ wa ní iṣẹ́ mẹ́káníìkì níbẹ̀. A ní kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n má sì san kọ́bọ̀ fún dílà kankan. A tọ arákùnrin kan lọ nínú ìjọ tó ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Láfẹ́nwá, àwa náà sì ka ohun tí a lè kà. Ohun tí a rí kọ́ ni a fẹ́ fi hàn yín, nítorí a mọ̀ pé tọkọtaya yìí nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà bá wí.

Ọmọ ìyá tí kò jọra

Lexus ni orúkọ tí iléeṣẹ́ Toyota ti ilẹ̀ Japan fi ń ta àwọn ọkọ̀ olówó ńlá rẹ̀ láti ọdún 1989. RX dé Amẹ́ríkà ní 1998. Èyí tí à ń pè ní RX 350, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 3.5 pẹ̀lú sìlíńdà mẹ́fà, bẹ̀rẹ̀ ní 2006. GX 460 ní tirẹ̀ jáde ní 2009, lítà 4.6 pẹ̀lú sìlíńdà mẹ́jọ, wọ́n sì ń ṣe é títí di 2023 kí GX 550 tó gba ipò rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù wà lábẹ́ wọn. GX jókòó lórí ṣaṣí irin bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹbí Land Cruiser Prado ni. RX kò ní ṣaṣí ọ̀tọ̀. Ara rẹ̀ àti egungun rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo bíi ti ọkọ̀ kékeré, ẹbí Camry àti Highlander sì ni. Ìdí nìyí tí GX fi lè fara da ìyà ọ̀nà oko fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí RX sì ń rọra lọ lójú ọ̀dà láìmi ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ní ti gíga, ìsàlẹ̀ GX fi ínǹṣì 8 àti díẹ̀ jìn sí ilẹ̀. Ti RX tí wọ́n ṣe láàárín 2010 sí 2015 lé díẹ̀ ní ínǹṣì 7. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìbú àtàǹpàkò lọ. Ó ya ọkọ arábìnrin wa lẹ́nu gan-an, nítorí ó rò pé ìyàtọ̀ náà tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Agbára tí GX ní lójú ọ̀nà ẹrẹ̀ wá láti inú ṣaṣí rẹ̀, àti láti inú pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà nígbà gbogbo. Ní ti RX, àwọn kan wà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, àwọn mìíràn sì wà tí táyà iwájú méjì nìkan ń fà. Ẹni tó bá máa gba ọ̀nà Ìmàlà tàbí Ọ̀dẹ̀dá ní oṣù Keje, kó bèèrè èyí kó tó sanwó.

Ohun tó ga tún ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2010, ìwé ìròyìn Consumer Reports ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ra GX 460 ti ọdún náà. Nígbà tí wọ́n sá a wọ kọ́nà, tí wọ́n sì ṣí ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ epo, ìdí ọkọ̀ náà yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ kí ẹ̀rọ tó ń kó o níjàánu tó dá a dúró. Iléeṣẹ́ náà dáwọ́ títà rẹ̀ dúró, wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe, ìwé ìròyìn náà sì mú ìkìlọ̀ rẹ̀ kúrò ní oṣù Karùn-ún. Ẹni tó bá máa ra ti 2010, kó rí i dájú pé wọ́n ti ṣe àtúnṣe náà sí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń gba kọ́kọ́rọ́ bàbá yín lọ sí Ṣàgámù, ẹ gbọ́ o: jíìpù gíga kì í ṣe ohun tí à ń sá wọ kọ́nà.

Ẹ ka orí, ẹ má fojú díwọ̀n

Ìjókòó márùn-ún ni RX 350 ìgbà náà ní. GX ní méje. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni mẹ́fà tàbí méje tó ń jáde lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, RX kọ́ ni tiyín. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a ó gbé àbíkẹ́yìn lé ẹsẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣèèṣì kọlu nǹkan, kò sí ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ lágbára tó láti di ọmọ mú. Orí kan, ìjókòó kan, bẹ́líìtì kan.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìjókòó kẹta GX náà dáadáa kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ó há, ọmọdé ló yẹ. Bí ẹ bá sì gbé e dúró, búùtù kò gbà ju báàgì díẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣí sókè, ẹ̀gbẹ́ ló ń ṣí sí bí ilẹ̀kùn ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíláàsì òkè rẹ̀ lè dá ṣí. Ẹni tó mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń há mọ́ra wọn ní Ìtokú lọ́jọ́ ọjà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún obìnrin tó fẹ́ kó ìdì àdìrẹ sínú ọkọ̀. Ti RX ń ṣí sókè.

A ní kí wọ́n mú màmá wá. Arákùnrin mẹ́káníìkì wa ní méjèèjì lọ́dọ̀ lọ́jọ́ náà, tí àwọn tó ni wọ́n gbé wá fún àtúnṣe, wọ́n sì gbà kí màmá gbìyànjú wọn. Màmá ṣílẹ̀kùn RX, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó gbé èkejì. Nígbà tó dé ìdí GX, ó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, orúnkún kọ̀. Ẹni méjì ló gbé e wọlé. Màmá kò bínú. Ó kàn wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Èyí tí mo lè fẹsẹ̀ ara mi wọ̀ ni kí o rà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa gbé mi bí àpò gààrí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì."

A wá béèrè iye orí tó ń jáde lóòótọ́. Ọmọkùnrin wọn àgbà ti wọ Yunifásítì Iṣẹ́ Ọ̀gbìn ní Àlàbàtà, ibẹ̀ ló sì ń gbé. Orí mẹ́fà di márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì di mẹ́fà nígbà ọlidé nìkan.

Ọ̀rọ̀ epo

Ẹ̀yin náà rántí pé kí ó tó di òpin oṣù Karùn-ún 2023, owó lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó ₦200 ní ilé epo ìjọba. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà, ìṣirò ìdílé ti yí padà.

Ìwọ̀n tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde fún ọkọ̀ ọdún 2010 fi hàn pé RX 350 ń jẹ nǹkan bíi lítà 12 fún 100 kìlómítà, GX 460 sì ń jẹ nǹkan bíi lítà 14. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìdílé kan ń rin 40 kìlómítà lójúmọ́, láti Ọbántokò sí ilé ìwé, sí Òkè-Mósàn, sí Ìtokú, kí wọ́n tó padà sílé. Ìyẹn jẹ́ 1,200 kìlómítà lóṣù. RX yóò mu lítà 144, GX yóò mu lítà 168. Kí ìṣirò lè rọrùn, ẹ jẹ́ kí a fi ₦1,000 ṣe owó lítà kan. Iye tí wọ́n bá ń tà á ní àdúgbò yín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. RX di ₦144,000 lóṣù, GX di ₦168,000. Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦24,000 lóṣù, ₦288,000 lọ́dún. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Pansẹ́kẹ̀ yóò sì tún bù kún un fún méjèèjì.

Bàbá náà wo ìwé ìṣirò títí. Ṣùgbọ́n ìyàwó ló kọ́kọ́ dákẹ́, nítorí ó ti rò pé RX tòun jẹ́ ọkọ̀ tí kò ní náni lówó. Ó ní, "Sà, ₦144,000 yìí gan-an pọ̀." Òótọ́ ni. Kò sí èyí tó rọrùn nínú méjèèjì, ẹni tí kò bá lè bọ́ èyí tó kéré, kó má ra ọ̀kankan. Olúwa wa ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an.

A tún rán wọn létí pé kì í ṣe gbogbo ìrìn ló nílò jíìpù. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, ó sì ní ibùdókọ̀ ní Láderin, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ra aṣọ funfun ní Èkó lè wọ ọkọ̀ yẹn, kó fi jíìpù sílé.

Ní ti àtúnṣe, ẹ́ńjìnnì RX 350 kan náà ni Toyota fi sínú Camry onísìlíńdà mẹ́fà, Highlander àti Sienna ìgbà náà. Mẹ́káníìkì tó mọ̀ ọ́n pọ̀ káàkiri Ẹ̀gbá, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì pọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. GX ń bá Prado pín ọ̀pọ̀ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà dára, ṣùgbọ́n táyà àti búrékì ọkọ̀ tó wúwo kì í kéré lówó. Ẹni tó bá ra RX ti 2007 sí 2009, kó jẹ́ kí mẹ́káníìkì wo rọ́bà kékeré kan tó ń gbé ọ́ìlì lára ẹ́ńjìnnì náà. Bó bá bẹ́, ọ́ìlì yóò dà tán láìpẹ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú. Páìpù onírin ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ra tòkunbọ̀ kan tó ń dán bíi dígí. Ẹni tó tà á fún wa fi orúkọ Ọlọ́run búra. Ọdún méjì ni a fi gbé ìyàwó wa àti àwọn ọmọ kiri nínú rẹ̀, lọ sí Èkó, lọ sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan, rewáyà ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù nítorí iná kan tí kò tàn, ó sì pè wá wá wò ó. Ibi tó yẹ kí éábáàgì wà ṣófo. Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kì síbẹ̀. Ọkọ̀ náà ti ní ìjàǹbá rí, éábáàgì rẹ̀ ti bẹ́, wọ́n wá fi ike tuntun bò ó, wọ́n sì yọ gílóòbù iná ìkìlọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ wa kò gbé wa dúró lọ́jọ́ náà nígbà tí a ro gbogbo ìrìn tí a ti rìn.

Nítorí náà, ohun tí a sọ fún tọkọtaya yìí ni a ń sọ fún ẹ̀yin náà.

Ẹ ka nọ́ńbà ṣaṣí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ń sọ ọdún ọkọ̀: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Bí ẹnu dílà àti lẹ́tà yìí kò bá dọ́gba, ẹ gba lẹ́tà gbọ́.

Ẹ wo iná éábáàgì. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú fúnra rẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ẹ fura. Ẹ sì mọ̀ pé GX 460 ti 2010 sí 2017 wà lára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n pè padà nítorí éábáàgì Takata, èyí tó lè bẹ́ kó sì da irin wẹ́wẹ́ sí èèyàn lára. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba ohun inú rẹ̀ jẹ́, ìyẹn sì ni ojú ọjọ́ tiwa. Ẹ fi nọ́ńbà ṣaṣí wádìí bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti dàgbà jù lè bẹ́ bó tilẹ̀ ń dán.

Ẹ wo ìwé aṣọ́bodè. Láti 1 oṣù Kìn-ín-ní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Ẹni tó bá ra èyí tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé nítorí owó pọ́ọ́kú lè pàdánù ọkọ̀ àti owó.

Ẹ fi owó ìbánigbófò sínú ìṣirò yín pẹ̀lú. Èyí tó kéré jù, tó di ₦15,000 fún ọkọ̀ ilé ní 2023, ẹlòmíràn tí ẹ bá kọlu ni ó ń sanwó fún. Kì í tún ọkọ̀ tiyín ṣe.

Ẹ̀bi àwa tí a ń wàásù

Ohun kan ṣì kù tí a kò lè fi pamọ́. Nígbà tí a bi ọkọ náà, láàárín àwa àti òun nìkan, ìdí tí ọkàn rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ GX tó bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ rántí ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú tí arákùnrin kan gbé jíìpù tirẹ̀ wá? Ẹ̀yin fúnra yín sọ̀kalẹ̀ lórí pẹpẹ, ẹ bá a jó yí i ká. Èmi náà dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn pé ìyàwó mi yè nínú iṣẹ́ abẹ. Ẹ ní kí n jókòó kí àkókò má baà lọ."

A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Òótọ́ ló sọ. Àwa tí a ń dá ìdílé lẹ́kun ìfẹ́ ayé ni a ti fi ijó wa sọ fún wọn ohun tí a kà sí ìbùkún. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. A sì ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín tí a ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

RX ni wọ́n rà níkẹyìn. Kò yá kánkán. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lọ wò, dílà ní 2012 ni. Ọkọ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ka nọ́ńbà rẹ̀, ó rí A ní ipò kẹwàá, ó dìde, ó di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n bá tiwọn lọ. Oṣù méjì àtààbọ̀ ni wọ́n tún fi wọ bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó rí èyí tó tẹ́ mẹ́káníìkì lọ́rùn, ti 2011, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Owó ọjà Ìtokú ṣì wà ní Ìtokú. Bí ọmọ Yunifásítì bá wálé, òun àti bàbá rẹ̀ a wọ takisí wá sí ìsìn, ìyàwó a wa àwọn yòókù. Ní ti Ìmàlà, ó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò tíì rì.

Ìdílé mìíràn tí orí wọn jẹ́ méje, tí oko wọn jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn, tí apá wọn sì ká epo rẹ̀, GX ni kí wọ́n rà, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní agbéraga. Kí ẹ ṣáà jọ jókòó ṣírò rẹ̀, ọkọ àti aya, kí ẹ sì pe ẹni tí orúnkún ń dùn sí ìjókòó náà.

Títí di ìgbà tí a ó tún pàdé, kí Olúwa máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Àmín.